Ta Ni Ń Jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?

Nígbà tí Ṣọlápé kọ́kọ́ rí i, ó gbé gègé ìkọ̀wé kan há ẹnu, ó fi òmíràn há etí, ó sì ń sá ìwé tútù sórí okùn bí ẹni ń sá aṣọ ọmọ tuntun.

Oṣù kejì ọdún 1999 ni. Àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, gbogbo ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú ló sì ń tẹ àwòrán olóṣèlú tọ̀sán-tòru. Láti Bàrígà dé Pedro, kò sí ògiri tí àwòrán ẹnìkan kò ti máa fẹyín sí ọ. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá yìí, ìwé kéú ló wà lórí okùn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́. Ọkùnrin tí ó ń sá a ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tàdáà, yíǹkì ìwé kéú, sì ti bá a dé ìgúnwọ́.

Ó yọ gègé lẹ́nu. "Ẹ káàsán, mà. Tó bá ṣe pé pósítà lẹ fẹ́ tẹ̀, ilé kejì ni. Àwa kì í tẹ ẹni tó ń díje, àfi ẹni tó ń gbàdúrà."

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò gbèrò àtirẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó fa àpò ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹnìkan wà níbí tó mọ irú ìwé yìí kà."

"Èmi ni. Àlímì lorúkọ mi. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ kọ ọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ta ló kọ ọ́ sí yín?"

"Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn."

Ilé ìwòsàn Igbóbì ni Ṣọlápé ti ń ṣiṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Òun ló máa ń rán awọ tí wọ́n fi ń so ẹsẹ̀ náà mọ́ itan. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló fún un ní lẹ́tà ọ̀hún: orúkọ Ṣọlápé wà lára àpò ìwé náà, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Japhet, ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wo ìwé inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sún sẹ́yìn. Ó ní tíírà ni, kí ó sọ ọ́ sí ṣáláńgá kó tó ràn án.

Àlímì gbé ìwé náà sójú ìmọ́lẹ̀. "Tíírà kọ́ ni. Kì í tilẹ̀ ṣe èdè Lárúbáwá. Yorùbá ni, lẹ́tà kéú ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn àgbà wa ló máa ń kọ̀wé báyìí." Ó rọra kà á: "'Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-sá-òfì-sóòrùn. Ilé ń béèrè rẹ.' Ṣé ẹ̀yin ni Àbẹ̀kẹ́?"

"Àṣàkẹ́ loríkì mi. N kò mọ Àbẹ̀kẹ́ kankan."

"Ìlà méjì ṣì kù nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ ta kókó díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e yẹ̀ wò. Ṣé ẹ lè padà wá lọ́jọ́bọ̀?"

Ṣọlápé padà lọ lọ́jọ́bọ̀. Àlímì ka ìlà kan: "Ọmọ kì í burú títí, ká lé e fún ẹkùn pa jẹ." Ó ní èyí tó kẹ́yìn ṣì ń yọ òun lẹ́nu. Ṣọlápé tún padà lọ lọ́jọ́ Ajé.

Kí oṣù tó tán, lẹ́tà kejì dé bákan náà, láìsí orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó di àṣà. Tí Ṣọlápé bá ṣíwọ́, á gba ọ̀nà Ṣómólú, á ra bọ̀ọ̀lì méjì lójú ọ̀nà. Wọn á jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá, wọn á tẹ́ lẹ́tà sáàárín wọn, wọn á máa wá Àbẹ̀kẹ́ kiri. Wọ́n rò pé bóyá àṣìṣe ni. Wọ́n rò pé bóyá aláìsàn kan tí orí rẹ̀ kò pé ló ń kọ ọ́.

"Ó sì lè jẹ́ olólùfẹ́ yín ni," Àlímì sọ, ó ń wo bọ̀ọ̀lì ọwọ́ rẹ̀.

"Olólùfẹ́ tí kò mọ oríkì mi? Kó máa lọ."

"Àṣàkẹ́," ni Àlímì wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Nínú ọkàn rẹ̀, Ṣọlápé jẹ́ ìpè náà.

Nítorí pé ó wù ú láti fi ojú ara rẹ̀ ka àwọn lẹ́tà náà, ó ní kí Àlímì kọ́ òun ní lẹ́tà kéú. Àlímì bu tàdáà, ó fi gègé lé e lọ́wọ́, ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọwọ́ tó ń rán awọ kì í gbọ̀n. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n kọ. Ní ọjọ́ kan, ó fa lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde, ó gbé ìka lé ìlà tó kẹ́yìn, ó sì kà á geere: "Ẹni tí ó lé e ti lọ."

Ó gbójú sókè. "Àlímì. Ìlà yìí kò ta kókó."

"Kò ta kókó."

"O ti mọ̀ ọ́n kà látọjọ́ yẹn."

"Látọjọ́ yẹn. Tí mo bá kà á tán lọ́jọ́ náà, kí lo tún fẹ́ wá ṣe nílé ìtẹ̀wé wa?"

Ṣọlápé fẹ́ bínú. Ó wá inú náà títí, kò rí i bí. Nígbà náà ló ṣàkíyèsí pé àwọn méjèèjì ti yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu, kò sì sí èyí tó mọ ìgbà tó bọ́ sílẹ̀.

"Oníjìbìtì," ló sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àṣàkẹ́," ni Àlímì dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ tí tàdáà kùn mú.

Ìyá nìkan ló kù fún Ṣọlápé, bàbá rẹ̀ ti kú. Sabina lorúkọ ìyá náà, ó ń ta òwú àti síìpù ní Bàrígà, kì í sì í pa ìsìn Baptist jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nílé wọn ní Pedro, Ṣọlápé ń ṣa ẹ̀wà, ìyá ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Ìlà lẹ́tà náà bọ́ sí ọmọ lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-sá-òfì-sóòrùn."

Láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ̀ dá a lóhùn bí ẹni ń ṣe àmín: "Oòrùn kò gbọdọ̀ pa aró rẹ̀ dà."

Omi tó ń dà dákẹ́. Nígbà tí Ṣọlápé yọjú, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Ṣọlápé kó àwọn lẹ́tà náà wá. Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Èmi ni Àbẹ̀kẹ́," ó ní. "Serifat Àbẹ̀kẹ́, ní Ìsẹ́yìn, kí wọ́n tó rì mí bọmi ní Sabina. Ààfáà ni bàbá mi. Nígbà tí mo tẹ̀lé bàbá rẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ní òun ti sin mí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi nínú ilé òun mọ́. Ìyá mi jókòó níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan."

"Ìyá yín ló ń kọ̀wé, Màámi. Ta ló tún mọ oríkì yín?"

"Ẹni tí wọ́n ti sin kì í gba lẹ́tà."

Ṣọlápé rò pé kò sí ọjọ́ tó tún dára láti sọ tòótọ́ ju ọjọ́ náà lọ. Ó dárúkọ ẹni tó ka lẹ́tà fún òun, ó sì sọ ohun tó wà láàárín wọn.

"Mùsùlùmí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Rárá o. Ìsìn méjì ti ya èmi àti ìyá mi. N kò ní í jókòó wò ó kó ya èmi àtìwọ."

Ṣọlápé ránṣẹ́ ohun tí ìyá rẹ̀ wí sí Àlímì, kò sì gba ọ̀nà Ṣómólú mọ́. Ó ń rán awọ nìṣó, Japhet sì ń rò pé inú ń run ún ni.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Àlímì fúnra rẹ̀ dé Pedro nínú òjò, ó dọ̀bálẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sabina kò ní kó wọlé, kò sì ní kó máa lọ.

"Mà, lẹ́tà tí kò lórúkọ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí," ni Àlímì wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá fúnra mi, kí ẹ lè rí ojú mi. Bí ẹ bá ní kí n má wá mọ́, n kò ní í wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọmọ yín, n kò sì ní kó fi Ọlọ́run rẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi."

Ó kí wọn, ó padà sínú òjò. Sabina wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́tà kẹta dé nínú oṣù karùn-ún. Ṣọlápé dá kà á: "Àbẹ̀kẹ́, ojú mi ti ń ṣú. Jẹ́ kí n gbóhùn rẹ kó tó di pé etí náà lọ." Ó sunkún díẹ̀. Ó mú gègé tí Àlímì fún un, ó jókòó sídìí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì ní lẹ́tà kéú: Ìyá àgbà, èmi ni ọmọ Àbẹ̀kẹ́.

Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn òun.

"Àmì méjì ló máa ń wà lókè lẹ́tà yẹn," Sabina sọ. "Ẹyọ kan lo fi sí i."

Ṣọlápé yíjú padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ rí, bàbá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀, pé ìyá rẹ̀ lè ka ìwé yìí.

"Ìyá mi ló kọ́ mi, lórí pákó wàláà kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin." Ó na ọwọ́. "Mú un wá. Ọ̀rọ̀ tèmi ni o ń kọ."

Ó jókòó, ó kọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ọkùnrin òjò yẹn, ṣé ó ṣì ń béèrè rẹ?"

"N kò mọ̀, mà."

"Lọ pè é. Ó lè bá wa dé Ìsẹ́yìn. Kí n máa fi lẹ́tà dá ìyá mi lóhùn nígbà tó ní ohùn mi lòun fẹ́ gbọ́, ìwà àìdáa ni."

Bọ́dúndé, awakọ̀ kan tó ń ti Ìsẹ́yìn wá gba ìtọ́jú ní Igbóbì, ló wá jẹ́wọ́ pé òun ló ń kó lẹ́tà náà fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ìgbà tí Ṣọlápé ń so awọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ló wo ojú rẹ̀, tó rí ojú ìyá àgbà àdúgbò wọn, ó sì lọ sọ fún arúgbó náà. Òun ló wa ọkọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ni wọ́n lọ, ọjọ́ tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá. Gbogbo ilé tí wọ́n kọjá ló tan rédíò. Àmọ́ nínú ilé tí wọ́n bọ́ sí, arúgbó kan jókòó sórí ẹní, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn.

Sabina kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ kú ìjókòó."

Arúgbó náà na ọwọ́ méjèèjì, ó wá ojú ọmọ rẹ̀ rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ oríkì. Gbogbo rẹ̀ ló kì látòkè délẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn," Sabina sọ nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Mo dákẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Bàbá rẹ mú mi búra pé n kò ní í fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ọ láyé. Nígbà tó kú, mo ro ìbúra náà dáadáa. N kò búra pé n kò ní í kọ̀wé."

Sabina bú sẹ́rìn-ín, omi ojú ń dà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà, ó fà á mọ́ra.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n fi Àlímì han ìyá àgbà. Ó béèrè ìsìn rẹ̀, ó béèrè ti Ṣọlápé, ó sì mi orí.

"Mo ti fi ìsìn pàdánù ọmọ lẹ́ẹ̀kan. N kò tún ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí oníkálukú máa kírun tirẹ̀, kí wọ́n máa jẹun nínú àwo kan. Àbẹ̀kẹ́, kí lo wí?"

Sabina wo ọmọ rẹ̀, ó wo Àlímì. "Mo ní kó wọlé, ìyá mi. Ó ti dúró nínú òjò tó."

Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n ṣe ìyàwó ní Pedro. Bàbá Àlímì ti Ìjẹ̀bú-Òde wá tìlù-tayọ̀, pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà náà gbàdúrà, Japhet sì jó títí tí bàtà rẹ̀ fi já. Nígbà tí wọ́n béèrè ta ni yóò fa ọmọ fún ọkọ, Sabina dìde. Ìyá rẹ̀ arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, òun náà sì dìde.

"Serifat Àbẹ̀kẹ́ ni," ni arúgbó náà sọ sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ọmọ mi ni. Àwa méjèèjì la jọ ń fa ìyàwó fún ọkọ."