Ọwọ́ Dókítà Kámẹ́rà

Oorun ni obìnrin náà ń sùn nígbà tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó gbá kámẹ́rà mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun, ẹnu rẹ̀ sì ṣí díẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù, oòrùn sì ti ń kan orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò lè jí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàtà náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá fara ti ògiri títí tí ọkọ̀ kan fi fọn fèrè lójú títì, tí obìnrin náà sì ta jí.

"Ẹ má bínú, sà. Mo ní kí n kàn sinmi díẹ̀ ni."

"Ta ló ń bínú? Àtẹ̀gùn yẹn ò tíì rí ẹni tó gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni ọkùnrin náà. Ẹ̀rọ àwọn ayàwòrán ló ń tún ṣe, Dókítà Kámẹ́rà ni gbogbo wọn sì ń pè é. Obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún márùndínlógójì, iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe: ìgbéyàwó, ìpàdé ilé iṣẹ́, ìsìnkú. Òun ló ń yà á, òun náà ló ń tò ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò fẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa.

"Kí ló ń ṣe kámẹ́rà?"

"Tí mo bá ti ń yà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á kàn dá dúró. Lánàá, ìgbà tí ìyàwó fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an ló ṣe é. Ẹni méjì ti wò ó. Ọ̀kan pààrọ̀ bátìrì, èkejì ní inú rẹ̀ ló ti jó."

"Tó bá dá dúró, ṣé ara rẹ̀ máa ń gbóná?"

"Rárá."

"Ṣé iná rẹ̀ máa ń kú pátápátá, àbí yíyà nìkan ló ń dá dúró?"

"Yíyà nìkan."

"Ó dáa. A ò ní tú nǹkan kan." Ó yọ káàdì inú kámẹ́rà, ó fi òmíràn sí i. "Ohun kan ṣoṣo là ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ nǹkan méjì pọ̀, bó tilẹ̀ ṣiṣẹ́, kò ní mọ èyí tó tún un ṣe."

Wọ́n kọ ojú kámẹ́rà sí títì, wọ́n jókòó tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá, mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Kò ṣàìsàn," ni Dókítà wí. "Káàdì rẹ ló lọ́ra. Àwòrán ń wọlé ju bó ṣe lè gbé e mì lọ, ló bá há a lọ́fun. Ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

"Lórí àtẹ̀gùn yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ohun tí kì í sábà ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Aláìsùn.

Aláìsùn padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ohùn àti ẹnu kò bá ara wọn rìn nínú fídíò kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni, ó ń rìn bí ìgbín. Dókítà bi í bóyá inú káàdì ló ti ń to iṣẹ́ tààrà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí o tún da ẹ̀dà kan síbòmíì, kó tó di pé o fọwọ́ kan ohunkóhun. Nǹkan tó bá wà níbi kan ṣoṣo, bí ìgbà tó ti sọnù ni."

Lọ́sẹ̀ kẹrin, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ló gbé wá. Dókítà ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń dún."

"Kò dún."

"Ó máa ń dún nílé."

"Ó dáa. Fi sílẹ̀, kí o wá wò ó lọ́la." Dókítà kò gbójú sókè. "Àti lọ́túnla."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí Aláìsùn bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, á jókòó sórí àga ẹ̀yìn káńtà, á bọ́ bàtà, wọn á jọ mu tíì. Nígbà mìíràn, odindi wákàtí kan á kọjá láìsọ̀rọ̀. Ìfẹ́ wọn kò pariwo. Ìfẹ́ àgbàlagbà méjì tí ayé ti lò díẹ̀ ni, tí inú wọn ń dùn pé àwọn rí ibi jókòó sí.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà ń de ṣúkúrù kékeré kan mọ́ ojú kámẹ́rà oníbàárà. Irin ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí gíláàsì náà. Aláìsùn rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà ki ọwọ́ náà bọ àpò ṣòkòtò bí ẹni ń fi olè pamọ́.

"Ó ti tó ọdún kan," ló wí níkẹyìn. "Mo ń tan ara mi pé àárẹ̀ ni."

Àwọn méjèèjì jọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tòótọ́ tó wà níbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: àìsàn ìgbọ̀n ni, oògùn lè mú kó falẹ̀, àmọ́ kò ní lè mú un lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà lọ kí ìyá Aláìsùn. Kò fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun sọ ọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ohun tó ń ṣe é, àti pé òun fẹ́ràn ọmọ wọn, òun sì fẹ́ gbé e níyàwó. Bó ṣe gbé ife tíì, ó dà sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"O ṣeun tí o kò fi pa mọ́," ni ìyá wí. "Mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú bàbá ọmọ yìí lórí ibùsùn. Mo mọ ọ̀nà yẹn dé òpin. Mi ò lè jẹ́ kí ọmọ mi gba ibẹ̀."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Aláìsùn lórí fóònù. "Òótọ́ ni ìyá rẹ sọ. Má wá mọ́, jọ̀ọ́. Wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró."

Aláìsùn kò lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, àmọ́ ó dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ inú iyanrìn. Lọ́jọ́ kejìlá, ó bá ìyá rẹ̀ nílé ìdáná níbi tó ti ń fọ abọ́.

"Màmá, ká ní ẹ ti mọ̀ ṣáájú pé bàbá máa ṣàìsàn, ṣé ẹ ò ní fẹ́ wọn?"

Ìyá fọ abọ́ kan náà fún ìgbà pípẹ́. "Ìbéèrè tí mi ò fẹ́ kí o bi mí nìyẹn." Ó pa ẹ̀rọ omi. "Màá fẹ́ wọn. Àmọ́ màá tètè kọ́ bí èèyàn ṣe ń sinmi. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́, ohun tó fọ́ mi nìyẹn."

Nígbà tí Aláìsùn dé ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà ń kó irin iṣẹ́ sínú páálí. Olùkọ́ obìnrin kan dúró níwájú káńtà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà ilé ìwé ń ya àwòrán, àmọ́ kò gba ohùn, ọ̀la sì ni àwọn ọmọ fẹ́ ṣe eré.

"Mo ti kógbá wọlé, mà. Ẹ má bínú."

Aláìsùn gbé kámẹ́rà náà, ó jókòó sídìí iṣẹ́. "Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe."

Ọkùnrin náà gbé páálí sílẹ̀. "Yọ wáyà makirofóònù. Ṣé ohùn ń wọlé láti inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀?"

"Ó ń wọlé."

"A jẹ́ pé ara kámẹ́rà le. Pààrọ̀ bátìrì makirofóònù, kí o dá wáyà padà. Ohùn ò tíì wọlé? Tan iná sínú ihò tí wáyà ń wọ̀."

Ìdọ̀tí ló dì síbẹ̀, tí wáyà kò fi wọlé tán. Aláìsùn fi igi tín-ín-rín kó o jáde díẹ̀díẹ̀, bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ fún un. Ohùn dé. Olùkọ́ náà di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú, ó sì lọ.

Ọkùnrin náà tún ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.

"Èèyàn lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan," ni ọkùnrin náà wí. "Ní ọdún mẹ́wàá sí i, mi ò ní lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù mi."

"Màá bá ọ dì í." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní "ẹ". Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ. "Ó ti rẹ èmi náà. Mi ò wá ẹni tí kì í rẹ̀. Ẹni tí a jọ máa jókòó tó bá rẹ̀ wá ni mo ń wá."

"Àti ìyá rẹ?"

"Wọ́n ní kí a gba ẹni tí á máa ràn wá lọ́wọ́, kí a má ṣe agídí bíi tiwọn."

Ọkùnrin náà yọ ọwọ́ ọ̀tún láti inú àpò, ó gbé e lé orí tábìlì kó máa gbọ̀n bó ṣe fẹ́. Aláìsùn gbé tirẹ̀ lé e. Ó ń gbọ̀n síbẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n lọ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, tó jẹ́ obìnrin, wà níbẹ̀, ìyá Aláìsùn náà wà níbẹ̀. Ìyàwó fọwọ́ sí tirẹ̀ kíákíá. Nígbà tó kan ọkọ, bírò ń fò, ìwé ń yọ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Akọ̀wé wo aago.

Ìyá Aláìsùn dìde lórí àga. Ó rìn dé ìdí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ igun ìwé náà mọ́lẹ̀ kó má lè yọ̀.

"Rọra kọ ọ́, ọmọ mi," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń lé wa."