Àwọn Ojú Tí Hàkímù Gbẹ́

Ìka mẹ́fà ni ère náà ní lọ́wọ́ òsì. Rasheedah gbé e lé ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi wò ó, Mámà. Ọdẹ ni ẹni tó gbẹ́ ẹ pè é. Ọdẹ wo ló ń ní ìka mẹ́fà? Máàkì méjì ni màá yọ níbẹ̀."

Ìyá àgbà náà, Àjíbíkẹ́, gbé e súnmọ́ ojú. Ère náà ò ga ju àtàǹpàkò lọ, igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó fọwọ́ pa ìka kẹfà yẹn, ó sì tún wọn kà.

Iṣẹ́ tí Rasheedah ń ṣe nílé rẹ̀ ní Mowe nìyẹn. Àwọn eré orí tábìlì kan wà, tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń jókòó yí ká, ọ̀kan á di ọdẹ, òmíràn á di ọba ìlú iwin, wọ́n á sì máa ta dáìsì láti mọ ohun tó kàn nínú ìtàn náà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi páálí wọn ránṣẹ́ sí Rasheedah kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Á yẹ máàpù wò bóyá ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, á ju dáìsì sínú omi iyọ̀ kó lè mọ̀ bóyá apá kan wúwo jù, lẹ́yìn náà á ṣe fídíò, á sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe ojúsàájú.

"Má yọ máàkì kankan," Àjíbíkẹ́ sọ. "Sàlísù nìyí, àbúrò ọkọ mi. Ìka mẹ́fà ló ní."

"Mámà, ṣé òun nìkan ló ní in láyé ni?"

"Kó ìyókù wá."

Kò sẹ́ni tó lè bá Àjíbíkẹ́ jiyàn ọ̀rọ̀ ẹbí ní agbo ilé wọn ní Ifọ̀. Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó, ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá láti bèèrè ẹni tó bí ta ni. Nítorí náà, nígbà tó rí ère àjẹ́ tí ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan, ó mọ̀ pé Mùnírátù ará ilé wọn ni, tó sá mọ́ olóòlà lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọba tí ojú rẹ̀ kan dà, Yésúfù ará ilé kan náà ni. Ó tẹ́ máàpù. Ilé wọn àtijọ́ ló wà níbẹ̀, kànga tó wà lẹ́bàá ojú irin, àti igi ọsàn tí wọ́n ti gé kí wọ́n tó bí Rasheedah.

Bí gbogbo wọn ṣe rí gan-an nìyẹn ní ọdún tí Lukman kú. Lukman, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, káfíńtà, tó já bọ́ láti orí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.

"Ta ló ṣe é?"

"Bọ̀dá kan ni, Hàkímù. Ó gba yàrá ní Asese. Àbí ó jí fọ́tò yín ni?"

"Fọ́tò wo? Sàlísù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun rí títí ó fi kú."

Rasheedah fajúro. "Ó ń bọ̀ lọ́la. Tí kò bá lè sọ ibi tó ti rí wọn, òfo ni màá fún un."

Ẹ̀yìn ìrun àílà ọjọ́ kejì ni Hàkímù dé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, tòsì ṣáájú, ó kọ orí wọn sí ẹnu ọ̀nà, ó wá dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Mámà."

Ó gbójú sókè. Ojú àpá ṣísẹ́lì Lukman wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Oòrùn ń ran lóde bí iná, síbẹ̀ kò sí òógùn kan lára rẹ̀.

Àjíbíkẹ́ di apá àga mú. Ṣé ojú ló ń tan òun ni? Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé òkú ọmọ rẹ̀ jáde. Ìdajì orúkọ ti dé ẹnu rẹ̀ kó tó ki eyín bọ ahọ́n. Kò sẹ́ni tí ò mọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ifọ̀: akúdàáyà máa ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pè é lórúkọ ló máa pòórá, a kì í sì í rí i mọ́ láéláé.

"Bọ̀dá, níbo lẹ ti rí àwọn ojú yìí?" Rasheedah bèèrè.

"Ó rú èmi náà lójú, Àǹtí. Tí mo bá ti mú ọ̀bẹ báyìí, wọ́n á kàn máa wá ni."

"Wọ́n á máa wá láti ibo? Ọmọ ibo tiẹ̀ ni yín?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rántí láyé mi ni pé mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Ìbàfò, mo gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Ohun tó ṣáájú ìyẹn ṣókùnkùn."

Rasheedah yíjú sí ìyá àgbà. "Mámà, ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo èèyàn. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Hàkímù náà ń wò ó. Ó ń wò ó bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí wọ́n gbé omi sí níwájú rẹ̀.

"N ò rí i rí," Àjíbíkẹ́ sọ.

"Àmọ́ àná lẹ ní—"

"Àná, mo ṣì wí. Arúgbó ni mí. Fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì rẹ̀."

"Mélòó?"

"Mẹ́wàá."

"Mámà, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní mẹ́wàá."

"Lónìí wàá fún un."

Hàkímù rẹ orí sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ère kan jáde tí kò sí nínú páálí: ọ̀dọ́bìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó gbẹ́ fìlà sórí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni ojú ìyá ọmọ wà, kò sí imú, kò sí ẹnu.

"Ọ̀kan tí mi ò lè parí rèé, Mámà. Ojú rẹ̀ kì í wá. Bóyá ẹ̀yin lè bá mi mọ̀ ọ́n."

Àjíbíkẹ́ gbà á. Ó rí bí wọ́n ṣe ta ọ̀já náà ní kókó méjì, sápá òsì, bí òun nìkan ṣe máa ń ta á. Ó gbé e sórí itan fún ìgbà pípẹ́.

"N ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Má tíì parí ẹ̀. Máa gbé e wá fún mi kí n máa wò ó."

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Mámà?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Hàkímù na ọwọ́ gba ère rẹ̀ padà. Ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù, àmọ́ Àjíbíkẹ́ ò tètè fi í sílẹ̀.