Mo Kọ̀ Ọ́

Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì kan bá ọmọbìnrin atẹ̀wé kan sọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìwádìí tí n ó fi jáde nílé ìwé nọ́ọ̀sì ni. Ẹ bá mi kọ ọ́. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Atẹ̀wé gbójú sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin arẹwà, aṣọ wọ́ọ̀dù lọ́rùn, oorun lójú.

"Bí gbogbo èèyàn bá ń ṣe é, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá atẹ̀wé. Kó tó mọ̀, ìfẹ́ ti gbà á lọ́kàn. Ìfẹ́ mú ọkùnrin náà pẹ̀lú, ojoojúmọ́ ló ń yà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí ẹ̀, tó dá lórí egbò iná, kò tíì ní ìlà kan. "Jẹ́ kí n rò ó," ni atẹ̀wé máa ń wí.

Nígbà tó rò ó tán, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù, láìsí àmì ohùn: *Mo ko o.*

Ayọ̀ dé! "Mo kọ ọ́" ni nọ́ọ̀sì kà á sí. Ó ti sọ fún ìyá ẹ̀, ìyá ti súre fún ìyàwó tó mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì bá lọ gbé ìwé, ọwọ́ òfo ló bá.

"Ààyò mi, mo kọ̀ ọ́ ni mo wí. Kíkọ̀ ni, kì í ṣe kíkọ."

"Háà! Èmi lo kọ̀?"

"Iṣẹ́ yẹn ni mo kọ̀. Ìwọ? N ò lè kọ̀ ẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n tí iná bá jó èèyàn, ṣé èmi lo máa pè wá di egbò ẹ̀?"

Ìyá gbọ́, ó ya wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó tí ò lè bá ọkọ kọ̀wé, kí ló fẹ́ bá a ṣe? Bí ọmọ mi bá fìdí rẹmi, má yọjú sílé wa láéláé!"

Atẹ̀wé kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò kúnlẹ̀. "Mà, tí ìgbìmọ̀ olùkọ́ bá ń bi í léèrè lórí ìwé náà, ṣé abẹ́ àga ni n óò sá sí kí n máa dáhùn?"

Ẹ̀rù bà á ṣá. Tí ọkùnrin yìí bá fìdí rẹmi, ó pàdánù ẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì jókòó, ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Atẹ̀wé ń kà á, ó ń yọ ṣùtì: "Gbólóhùn yìí yarọ, olùfẹ́. Sọ ọ́ bó o ṣe máa sọ ọ́ fún aláìsàn." Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì á tún un kọ.

Lọ́jọ́ tó lọ kojú ìgbìmọ̀, bẹ́ǹṣì kan náà ni ìyá àti atẹ̀wé jókòó sí níta, wọ́n kẹ̀yìn síra. Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì jáde, òógùn bò ó.

"Wọ́n bi mí lóhun tí ò sí nínú ìwé. Mo dáhùn! Mo yege!"

Ìyá fò sókè, ó jó, ó wá yíjú pa dà.

"Ìwọ olóríkunkun, ilé yín dà? A ń bọ̀ wá tọrọ ẹ. Mo mọ ẹnì kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, a ó háyà ẹ̀ kó bá wa sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Mà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹnu àyálò. Ẹni tó ń fẹ́ mi ni kó sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì dì í lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo olùkọ́ tó ń jáde bọ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Jọ̀ọ́, jẹ́ aya mi."

Atẹ̀wé lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rèé láyé ẹ̀.

"Ó gbà!" ni ìyá kígbe.

"Mà, ẹ fi ìdáhùn tèmi sílẹ̀ fún mi o!" Omijé ayọ̀ ń dà lójú atẹ̀wé. "Mo gbà."