Jí Mi Tí A Bá Dé Tolliver

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìwọ tó ò ń jẹ ẹ̀pà bí eku, gbé èyí tó wà lẹ́nu mì, kó o panu mọ́. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kì í mutí, kì í purọ́, orin ló ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní èmi ló ṣẹlẹ̀ sí ni, ẹ máa ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú tiẹ̀ wá.

Fèyísọ́lá lorúkọ ẹ̀. Cedar Hill ló ń gbé, ilé ìwòsàn kan láàárín Dallas ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ mọ ìlú yìí. Ẹni tí ò ní mọ́tò níbí, bí ẹni tí ò lẹ́sẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn yìí, ń dẹ́rù ba Fèyísọ́lá ju iwin lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ẹ̀ wọ̀ ọ́, tírélà kan fọn fèrè sí i létí, ló bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń sunkún títí ọlọ́pàá fi wá bá a gbé mọ́tò náà délé. Ó tà á lọ́sẹ̀ yẹn. Reluwè ló kù.

Ti àárọ̀ ló máa ń wọ̀, èyí tó ń gbéra kílẹ̀ tó mọ́. Èrò ibẹ̀ kì í pọ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà, Ayọ̀ladé, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kánkán Fèyísọ́lá ló máa ń jókòó sí, tó ti ki nǹkan orin bọ etí méjèèjì. Kì í sọ̀rọ̀. Á mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan nínú Dìsẹ́ńbà, kùrukùru bolẹ̀. Fèyísọ́lá gbójú sókè, bàbá arúgbó kan dúró níwájú ẹ̀. Adúláwọ̀ ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Kóòtù àtijọ́ ló wọ̀. Fìlà wà lọ́wọ́ ẹ̀, àpótí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Àga ṣófo yí wọn ká. Bàbá ò wo ọ̀kankan. Ó kàn dúró.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ máa ṣe? Ẹ má parọ́ fún mi. Ẹ máa dìde ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àgbà ò gbọdọ̀ wà lórí ìdúró kí ọmọdé wà lórí ìjókòó, àní kí gbogbo àga ayé ṣófo. Orúnkún Fèyísọ́lá ti tẹ̀ kó tó ronú.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó.”

Òyìnbó ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn, Yorùbá ni.

Bàbá wo àga, ó wo ojú ẹ̀. “Èmi?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

Ó rọra jókòó, bí ẹni tó ń jókòó lé ẹyin. “Mo ṣiṣẹ́ mọ́jú, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí. Jí mi tí a bá dé Tolliver.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Màá jí yín.”

Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe. Ó ti ṣèlérí fún àgbà.

Fèyísọ́lá wo orúkọ àwọn ìdíkọ̀ tó wà lára ògiri ọkọ̀. Ó tún un wò. Kò sí Tolliver níbẹ̀.

Láìpẹ́, reluwè dúró. Kò sí ìmọ́lẹ̀ níta. Kò sí ìdíkọ̀. Igbó ni. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra ẹ̀. Òtútù wọlé, òórùn èéfín igi tẹ̀lé e. Kò sí ìró kankan, àní kòkòrò ò dún. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ilẹ̀kùn padé, wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Dallas, àga ti ṣófo.

Ọ̀gá ẹ̀, Sharon, ń dúró dè é.

“O pẹ́.”

“Reluwè ni, ma.”

“Gbogbo wa la ní reluwè tiwa.”

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ti wà lórí àga kó tó wọlé. Ó ń sùn. Reluwè tún dúró nínú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Awakọ̀ ní bíréèkì ló ń di ara ẹ̀ mú. Mẹkáníìkì tú u wò, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ibà mú Fèyísọ́lá tó dùbúlẹ̀ sílé, reluwè lọ geere, ó tètè dé. Ara ẹ̀ yá, ó padà wọ̀ ọ́, ó dúró.

Sharon pè é sí ọ́fíìsì. “Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá tún pẹ́, má wulẹ̀ wọlé.”

Ẹ jẹ́ kó yé yín o. Ilé ìwòsàn yẹn ló ń bá a ṣe ìwé ìgbélùú. Iṣẹ́ lọ, Amẹ́ríkà lọ.

Ló bá di kọndọ́kítọ̀ mú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Olúmidé lorúkọ tiẹ̀, ọmọ Ìkirè.

“Bọ̀dá Olúmidé, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ bàbá yẹn?”

“Bàbá wo?”

“Èyí tó ń sùn yìí.”

Olúmidé wo àga. Ó wo Fèyísọ́lá. “Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun?”

“Níbo la máa ń dúró sí láràárọ̀?”

“Inú igbó.”

“Kí lorúkọ igbó ọ̀hún?”

Olúmidé rẹ ohùn sílẹ̀. “Tolliver. Ìdíkọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Òwú ni ọ̀nà yìí kọ́kọ́ ń kó, kó tó máa kó èèyàn. Àwọn adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru, Tolliver ni wọ́n ń sọ̀ sí láàárọ̀. Kóòṣì ẹ̀yìn ni tiwọn. Tó bá kún, kí wọ́n dúró. Àga iwájú lè ṣófo, wọn ò gbọdọ̀ jókòó.”

“Ìgbà tó yá ńkọ́?”

“Mọ́tò dé, freeway dé, reluwè kú. Koríko bo irin. Nígbà tí wọ́n jí i dìde fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti ìgbèríko lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́nì kan ní Tolliver mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ ìdíkọ̀.”

Ara Fèyísọ́lá tutù. Lẹ́yìn náà, inú bí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú bí i. Gbogbo wàhálà yìí, jíjí ni bàbá ń dúró dè.

Reluwè dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Òórùn èéfín wọlé.

“Sà, a ti dé Tolliver.”

Bàbá ò mira. Àgbà tó ń sùn, a kì í dédé gbá a mú. Ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án léjìká. Ó tutù bí irin ojú ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n máa lé mi níbi iṣẹ́.”

Bàbá lajú. Ó wo ìta. Ó wò ó.

“O jẹ́ kí n pẹ́, ọmọ mi.”

“Ẹ má bínú, sà.”

Ó gbé àpótí ẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà. “Kò sẹ́ni tó dìde fún mi rí nínú ọkọ̀ yìí. Màá sọ fún wọn.”

“Fún ta ni, sà?”

Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dún lórí òkúta.

Lọ́jọ́ yẹn, Fèyísọ́lá dé ibi iṣẹ́ lásìkò. Sharon wo aago, ó wò ó, ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Fèyísọ́lá fi orin ṣiṣẹ́ dalẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí àga ẹ̀, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ń sún mọ́ igbó. “Máa lọ,” ó ń sọ fún reluwè lábẹ́nu. “Jọ̀ọ́, máa lọ.”

Bíréèkì dì. Ilẹ̀kùn ṣí.

Èèyàn ló wà nínú kùrukùru níta. Wọ́n pọ̀. Fìlà, gèlè, àpótí. Àgbà ni gbogbo wọn. Wọ́n tò, wọn ò pariwo. Màmá arúgbó kan ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kọjá àga tó ṣófo. Ó kọjá òmíràn. Iwájú Fèyísọ́lá ló dúró sí. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Fèyísọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú. Ó rántí Sharon. Ó rántí ìwé ìgbélùú. Ó ní òun ò ní dìde. Lónìí, òun ò ní dìde.

Màmá gbé àpótí ẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn dúró. Ó hàn lójú ẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Aago ń lọ.

Orúnkún Fèyísọ́lá tẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ma. Ẹ jókòó.”

Ayọ̀ladé, tí ò sọ̀rọ̀ rí, yọ nǹkan orin kúrò létí kan. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kùtù.

“Sister,” ó ní, “ẹ lọ ra mọ́tò.”