Ó Di Ẹ̀bi Ru Òkú

Adémúyìwá, mẹkáníìkì ní Ìkirè, ní mọ́tò kan tó fi ń yangàn. Mọ́tò àtijọ́ ni, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é. Kò lórùlé, ènìyàn méjì péré ló sì ń gbà. Ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán kó tó rà á. Ó tún un ṣe títí ó fi ń dán bíi dígí, ó wá gbé e síta fún títà.

Olúyínká, tíṣà ní Àpòmù, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó máa ń bẹ Adémúyìwá pé kó wá sọ́dọ̀ Jésù.

"Yínká, fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre," ni Adémúyìwá máa ń wí. "Òkú mọ́tò ni mo jí dìde yìí. Kí ló kù tí Jésù rẹ fẹ́ fi hàn mí?"

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ní Orílẹ̀-Òwu ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jọ gbé e lọ. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí náà awakọ̀ kì í rí iwájú dáadáa bó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ mìíràn. Olúyínká tó jókòó lápá òsì ló ń bá Adémúyìwá wò ó.

Wọ́n ti kọjá Àpòmù nígbà tí ọkọ̀ akóyanrìn kan ń wọ́ lọ níwájú wọn.

"Ṣé kí n kọjá?"

"Dúró. Lọ́rì agégẹdú ń bọ̀."

"Ojo lásán!" Adémúyìwá tẹ iná, ó yà sí òsì.

Apá òsì náà ni lọ́rì gbá. Olúyínká kú lójú títì. Ọgbẹ́ iwájú orí nìkan ni Adémúyìwá ní.

Nígbà tí ọlọ́pàá bi í léèrè, ó ní, "Yínká ló ní kí n máa lọ."

Gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́. Ẹni tí ìbá jà á níyàn ti wà nílé ìgbókùúsí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Adéfúnkẹ́, opó Olúyínká, wá bá a nílé. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá Múyìwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí ji ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ló ṣì í. Díẹ̀ ló kù kó pa yín. Mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ tà náà sì ti bàjẹ́."

Obìnrin tí Adémúyìwá sọ di opó ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó rí ara rẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe ń rí i: apànìyàn, òpùrọ́. Ó dojú bolẹ̀.

"Yínká ní kí n dúró. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo parọ́ mọ́ ọn ni."

Obìnrin náà figbe ta. Ó sunkún títí, ó wá yíjú sí i.

"Ọkọ mi gbàdúrà fún yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ẹ má bẹ èmi nìkan. Ẹ bẹ Ẹni tó kú fún yín."

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni Adémúyìwá ti ké pe Jésù. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sọ òtítọ́ fún ọlọ́pàá. Ó wà lẹ́wọ̀n di òní. Ó ní ọkàn òun balẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí òun kì í sunkún ọ̀rẹ́ òun.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń di ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ rù? Ṣé aya rẹ ni? Ṣé òbí rẹ? Àbí ẹni tó ti kú? Ọlọ́run gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fínnúfíndọ̀ ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Jésù Kristi ni. Jẹ́wọ́ fún un lónìí. Ibi tí o ti ń kà á yìí gan-an, kúnlẹ̀.