Òwú Inú Ike Oògùn

"Lọ́yà, ta ló rán ẹ sínú dúrọ́ọ̀ mi?"

Ike oògùn ni ọmọ náà gbé dání. Lọ́yà ni gbogbo ilé ń pè é nítorí pé àròyé rẹ̀ kì í tán. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń fi oògùn kòkòrò HIV rẹ̀ pamọ́ sí, ó sì ki òwú bọ inú ike náà kí hóró oògùn má baà pariwo létí oníbàárà. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá náà obìnrin ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ṣe ibùjókòó, òwú náà kò kúrò níbi tó wà.

"Màámi, ẹ ò lò ó mọ́. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń wúkọ́! Nọ́ọ̀sì ní tí ẹ bá ń dá a dúró, kò ní ràn yín mọ́."

"Rọra sọ̀rọ̀! Ṣé o mọ ẹnu ẹ̀gbọ́n mi? Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹbí á ti gbọ́. Jẹ́ kó lọ ná. Tó o bá sọ̀rọ̀ yìí síta, èmi pẹ̀lú ẹ ni."

Ẹ̀rù ba Lọ́yà. Kò ní òbí mìíràn. Àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Nírọ̀lẹ́, bí àwọn àgbà méjèèjì ṣe ń jẹun, ó gbé ike náà àti ife omi síwájú ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, àkókò ti tó."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Oògùn kí nìyẹn?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

Lọ́yà aláròyé yíjú sí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ni ọ̀rọ̀ náà láti sọ. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni. Ìyá wò ó títí, ó fa òwú yọ.

"Oògùn HIV ni. Tó bá wù yín, ẹ lọ kéde." Ó dá a mì.

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó lọ sídìí báàgì rẹ̀. Lọ́yà rò pé ó fẹ́ kó jáde ni. "Mo gbé! Mo ti tú ilé ká!"

Ṣùgbọ́n ike kan ni Ẹ̀gbọ́n mú bọ̀. Ó mì ín. Kò dún. Òwú kún inú tirẹ̀ náà.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mi ò ti fẹnu kàn án. Ìwọ ni mò ń sá fún, àbúrò mi."

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi!" Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Ẹ gbọ́ mi o! Ọmọ ìyá méjì nínú yàrá kan, wọ́n fẹ́ẹ́ fi ìtìjú pa ara wọn.

"Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀yin méjèèjì ń lọ lọ́la," Lọ́yà pàṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà ti di adájọ́. A gbà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, oògùn tí a fi pamọ́ nítorí ìtìjú kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ojoojúmọ́ ni kí a máa lò ó, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ẹni a máa ránni létí. Orí tábìlì ni ike méjèèjì wà báyìí, kò sí òwú nínú wọn mọ́. Bí wọ́n bá gbé wọn nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ìró hóró inú wọn.