Obìnrin Tó Gbé Ìyàwó Nítorí Ọmọ

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ kà á tán. Ìtàn inú rẹ̀ kò dùn ún gbọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bó ìrẹsì ní Abakálíkì, nílẹ̀ Ìgbò, ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí mo gbé títí ewú fi kún orí mi.

Mgborie ń sún mọ́ ogójì ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Ó ní ẹ̀rọ ìrẹsì tirẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń to àpò síwájú rẹ̀ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó ti fọ́ awakọ̀ kan lórí rí nítorí àpò kan tó ya, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì máa ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó kí i.

Má ṣì mí gbọ́ o. Àìlọ́kọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìbímọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé Ọlọ́run ń bínú sí ọ torí pé o kò bímọ, irọ́ ló ń pa. Ìwà ipá tí Mgborie fi ń bo egbò ọkàn rẹ̀, òun ni ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, Nwite, àbúrò bàbá náà, pe àwọn ọkùnrin ẹbí jọ. Wọ́n pín obì, wọ́n fo Mgborie, nítorí obìnrin kì í na ọwọ́ sí obì níbẹ̀. Nwite wá sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé agbo ilé tí kò ní ọkùnrin ti di oko, pé bí òjò bá ti rọ̀, òun yóò kọ ebè iṣu síbẹ̀. Mgborie gbé àga tó jókòó lé, ó là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ ya bo obì tó kù nínú àwo.

Ọ̀nà kan wà lọ́dọ̀ wọn tí ilé irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò fi ní pa rẹ́. Ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ lè gbé ìyàwó. Òun ni yóò gbé ẹmu ìdána lọ bá àwọn òbí ìyàwó, tí yóò san owó orí. Ọkùnrin tó bá yàn ni yóò máa bá ìyàwó náà sùn, ṣùgbọ́n orúkọ ilé bàbá ẹni tó gbé ẹmu lọ ni ọmọ yóò máa jẹ́. Báyìí ni Mgborie ṣe fẹ́ Ugoye, ọmọ àgbẹ̀ kan. Ọkọ ni Ugoye ń pè é.

Ìyàwó dé, oyún kò tètè dé. Gbogbo ìgbà tí Ugoye bá rí nǹkan oṣù rẹ̀, Mgborie á fa bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan tó ti já yọ, á sì fi nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ṣí. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ igbe. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a lẹ́kun. Rebeka ni, tó ń fẹ́ èèpo kúrò lára ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Òun náà kò lọ́kọ, kò bímọ, ó sì dàgbà ju Mgborie lọ. Ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, èyí sì máa ń bí Mgborie nínú.

“Mgborie, ọmọ ọlọ́mọ lò ń pa lọ yìí,” Rebeka sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Yípadà sí Jésù kí ó tó pẹ́ jù.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ti gbà pé àgàn ni yín, ẹ máa kọrin yín lọ,” Mgborie dá a lóhùn. “Èmi ò ní kú bí adìyẹ tí kò yé rí.”

Oyún dé níkẹyìn. Mgborie jó yí ẹ̀rọ rẹ̀ ká, ó fún àwọn alábàárù ní ìrẹsì ọ̀fẹ́, fún ìgbà díẹ̀ kò na ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ni Nwite kó ìrẹsì rẹ̀ wá bó, ó sì dúró láàárín èrò.

“Ọkọ tí kò nírùngbọ̀n, mo kí ọ o. Wọ́n ní ìyàwó rẹ fẹ́ bá ẹni tó fún un lóyún lọ. Ṣé ìwọ lo máa wá fún un ní òmíràn?”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Mgborie pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó mú bẹ́líìtì, ó gba ilé lọ.

Ugoye ń gún fùfú lọ́wọ́ nígbà tí Mgborie wọlé, tó ń pariwo pé ó fẹ́ bá ọkùnrin lọ. “Ọkọ mi, irọ́ ni wọ́n pa fún yín,” ó ní. “Níbo ni mo fẹ́ gbé oyún yìí lọ?”

Mgborie kò gbọ́. Ó nà án lójú, ó nà án lọ́rùn, ó nà án níbi tó bá ti bá a. Ọwọ́ méjèèjì ni Ugoye fi bo ikùn, kò tilẹ̀ bo orí. Bó ṣe yí padà pé kí òun sá, Mgborie ta á nípàá lẹ́yìn, Ugoye sì fi ikùn ṣubú lé òkúta ààrò. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Rebeka ló gbọ́ igbe tó sáré wọlé, òun ló wá alùpùpù tó gbé Ugoye dé ilé ìwòsàn. Mgborie sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà.

Nọ́ọ̀sì gbé nǹkan kékeré kan jáde nínú aṣọ. Ó ní wọ́n rí ìyá gbà là, ṣùgbọ́n ọmọ ti kú. Ọkùnrin ni.

Mgborie bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá ògiri títí iwájú orí rẹ̀ fi bẹ́. Rebeka di í mú.

“Mo ti pa á,” Mgborie ní. “Sọ pé èmi kọ́.”

“Ìwọ ni. N kò ní bá ọ pa irọ́. Èmi náà ti sunkún ọmọ, Mgborie, ó ṣì ń dùn mí nígbà míì. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run ní. Irú wa yìí ló nà án títí ẹran ara rẹ̀ fi ṣí, tó sì kàn án mọ́ igi. Bàbá rẹ̀ ń wò wá, kò jó wa run. Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ yẹn náà ló fi ń pe àwọn tó pa á wálé.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ yìí?”

“Ọwọ́ yẹn gan-an ni kí o nà sí i.”

Mgborie dojú bolẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó ké pe Jésù bí ẹni tí odò ń gbé lọ. Kò gbàdúrà fún ọmọ. Àánú ló ń tọrọ, Olúwa sì ṣàánú fún un.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Nígbà tí ara Ugoye mókun díẹ̀, Mgborie wá síwájú ibùsùn rẹ̀. Ó ní òun ti tú u sílẹ̀, òun kò ní gba owó orí padà, bó bá sì fẹ́ pe ọlọ́pàá, òun kò ní sá. Ugoye dìde jókòó, ó fọ́ ọ létí débi pé ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Mgborie tí a mọ̀ kò ní jẹ́ kí irú ìgbátí bẹ́ẹ̀ tutù kó tó san án padà. Ó dúró síbẹ̀, ó ní, “O jàre.” Ugoye padà sílé bàbá rẹ̀. Kò tíì dárí jì í, Mgborie kò sì dá a lẹ́bi.

Nígbà tí òjò rọ̀, Nwite kọ ebè rẹ̀ sí àgbàlá bàbá Mgborie, ó ń bú u bó ṣe ń kọ ọ́. Mgborie bu omi fún un mu. Kò lọ́kọ, kò bímọ títí di òní, ṣùgbọ́n ó ti ní àlàáfíà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta lò ń nà nítorí ohun tí ayé kò fún ọ? Ó lè jẹ́ ẹnu lo fi ń nà án, ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ, ó lè jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bímọ ní ọdọọdún. Má sọ pé ó di ọ̀la. Jésù dárí ji Mgborie pátápátá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ tó ju ti Mgborie lọ tí kò ní dárí rẹ̀ jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò jí ọmọ yẹn dìde. Ká ní Mgborie ti gbọ́ ti Rebeka lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, ọmọ náà ì bá ti máa sáré kiri àgbàlá báyìí. Ẹni tí ìwọ ń nà ṣì wà láàyè. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà.